Lọ́rì Ìyá Wúrà Tó Ń Yà Kí Gbogbo Ènìyàn

Ewé ẹ̀gẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó há mọ́ irin iwájú lọ́rì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó ṣì tutù minimini. Ògúndáre tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, kò kí mi, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí bẹ́ǹṣì mi.

"Làmídì, mi ò wà á mọ́," ló wí. "Mi ò fẹ́ kú sínú oko olóko."

Alékúwodò ní Òṣogbo ni ìsọ̀ mi wà nígbà náà, kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí. Nínú ẹbí wa, ẹni tí kò bá tajà, á máa hunṣọ. Èmi nìkan ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìyá mi kò sì yé ráhùn nípa ọṣẹ tí aṣọ iṣẹ́ mi ń jẹ.

Ìyá Wúrà ló ni lọ́rì náà, oníṣòwò aṣọ ará Iléṣà. Egungun ọkọ̀ lásán ló rà, ó ní kí káfíńtà kan pákó lé e lórí bó ṣe wu òun: àga tìmùtìmù níwájú fún òun, àyè ẹrù lẹ́yìn, bẹ́ǹṣì fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń nájà. Ọkọ̀ náà dára, àmọ́ ó ga bí àjà. Orúnkún Ìyá Wúrà sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ó yọ̀ ṣubú níbi tó ti ń gùn ún, láti ìgbà náà làwọn ọmọ rẹ̀ ti ń sọ pé kó fi ọjà sílẹ̀ kó wá sinmi. Èyí ló gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

"Làmídì, wọ́n ní kí n jókòó s'ulé," ó wí. "Kí ni mo fẹ́ máa wò n'ulé? Bá mi rẹ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ kí n lè máa dá gùn ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mi sínú ọkọ̀ bí àpò, ọjà parí nìyẹn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ṣeé ṣe.

Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ọkọ̀ là ń pè ní ewé sípíríǹgì. Àwọn ló gbé ọkọ̀ sókè, àwọn náà ló sì ń jó nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Mo yọ díẹ̀ nínú wọn, mo tẹ́ àwọn tó kù. Nígbà tí mo ṣe tán, ọkọ̀ lóṣòó. Àwọn ará àdúgbò rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní Òṣómàáló, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà wọn. Mo wà á lójú títì tó tẹ́jú, ó ń lọ geerege. Mo gba ẹ kú iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbà á lọ́wọ́ òsì.

Àfi bó ṣe dé ọ̀nà Iléṣà tí kòtò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí táyà bá ti kó sí kòtò ni ọkọ̀ ń yà. Ògúndáre ní ó kọ́kọ́ yà kí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo, ó yà kí àwọn àgbààgbà tó jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí, nígbà tó yá ló wá lọ kí olóko ẹ̀gẹ́ nínú oko rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò fara kan ẹnikẹ́ni.

Ẹmu ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, ìlú ẹlẹ́mu, ni Ògúndáre, kì í sì í fẹmu ṣeré. Mo wa ọkọ̀ náà fúnra mi. Mùsùlùmí ni mí, n kì í mu ẹmu, síbẹ̀ inú gọ́tà ni mo bá ara mi. Mo fẹ́ táyà, mo pààrọ̀ oríkèé sítíárìn, pàbó ló já sí.

Kò pẹ́ tí Ìyá Wúrà fi dé. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oko ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ti rí ẹni tí yóò ra lọ́rì náà. Mo sọ fún un pé ohun tó kù ni kí n dá àwọn ewé sípíríǹgì padà.

"Bó bá tún ga padà, ta ni yóò gùn ún?" ó bi mí.

Mo fa àpótí irinṣẹ́ mi sún mọ́ ọkọ̀. Ó ní ó dáa, kí n jẹ́ kí òun jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó bà á jẹ́. Ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ó wọlé láìdi ẹnikẹ́ni mú. Èmi àti Ògúndáre dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dẹ́rẹ́bà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá Wúrà kì í ṣe ẹni kékeré. Bó ṣe jókòó tí ọkọ̀ rọra wálẹ̀, sítíárìn yí fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìka kan.

Ògúndáre, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ pe Bísímílláì. Ó ti dé ẹ̀yìn igi máńgòrò kí n tó mọ̀ pé ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ní tèmi, inú mi ń dùn bọ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀," mo ní. Ó dìde, sítíárìn yí padà. Mo ní kó jókòó, ó tún yí. Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde.

"Ṣé orúnkún tí mo ní kí o bá mi ṣàánú lo tún fẹ́ lò pa?" ó wí, ṣùgbọ́n ó dìde.

Mo rá sábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pá gígùn kan wà tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu sítíárìn lọ fún táyà. Ó yẹ kí ọ̀pá náà sùn gbọọrọ. Àmọ́ nígbà tí mo rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, àpótí sítíárìn tó wà lára ọkọ̀ bá a wálẹ̀, táyà ò sì kúrò níbi tó wà. Ọ̀pá wá dagun, orí kan nílẹ̀, orí kan lókè. Bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀ nínú kòtò, ọ̀pá á ti táyà, táyà á sì yà láìjẹ́ pé dẹ́rẹ́bà rán an níṣẹ́. Ògúndáre ò mutí, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí máńgòrò.

Èyí tó rọrùn jù ni kí n fi iná tẹ apá irin tó di ọ̀pá náà mú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá fi iná kan irin sítíárìn ti ń gbẹ́ sàréè fún onímọ́tò. Mo fi irin tó nípọn ṣe ìjókòó tuntun fún àpótí sítíárìn, mo gbé e sókè títí ọ̀pá fi sùn gbọọrọ padà. Mo ní kí Ìyá Wúrà jókòó, kó dìde. Sítíárìn ò mira.

Ìyọnu kan ló kù. Ògúndáre kúrú, sítíárìn sì ti ga. Ojú ihò rẹ̀ ló ti ń wo títì bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Ìyá Wúrà fi gígé aṣọ rán ìrọ̀rí fún un lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àkọ́bí rẹ̀ ló bá wa lọ dán an wò. Ó jókòó sẹ́yìn, ó dijú mọ́rí. A dé kòtò ẹ̀bá oko ẹ̀gẹ́. Táyà wọlé, ó jáde, lọ́rì ń lọ tààrà, kò kí ẹnì kankan. A dé Iléṣà, Ìyá Wúrà dá sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ìró rẹ̀. Àkọ́bí náà wò ó títí.

"Màmá," ó ní, "ìgbà wo lẹ máa ń tọjà dé?"

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ mọ́. Ìyá Wúrà ní kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú lọ́rì pé MI Ò TÍÌ JÓKÒÓ, bẹ́ẹ̀ ló sì jókòó sí àga iwájú lọ sọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orúnkún tèmi náà ti ń dún wàyí. Àwọn ọmọ mi ti pàdé lórí rẹ̀, wọ́n ní kí n ti ìsọ̀ kí n máa sinmi nílé. Mo ní mo gbọ́. Mo wá bi wọ́n pé ta nínú wọn ni yóò bá mi rẹ bẹ́ǹṣì iṣẹ́ mi sílẹ̀.