Tíṣà Tí Kò Nà Mí

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rù tíṣà tí kì í na ọmọ máa ń bà mí ju ti ẹni tó ń mú pàṣán lọ. Ìwéré-Ilé là ń gbé nígbà náà. Mo ti wà ní kíláàsì kẹrin, síbẹ̀ n kò lè ka gbólóhùn kan. Lẹ́tà máa ń tú ká mọ́ mi lójú bí ìgbà tí wọ́n da omi sí ihò èèrà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí àwọn yòókù bá ti ń kàwé ni màá ti há a sórí. Bó bá kàn mí, màá tẹjú mọ́ ìwé, màá sì kà á geere. Lójú ara mi, kò sí ọlọ́gbọ́n bí èmi.

Ìgbà náà ni tíṣà obìnrin kan dé láti Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe kà á tán, ó ní, "Ó dáa. Tún un kà, ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó kẹ́yìn."

Ibẹ̀ ni àṣírí mi tú. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ de pàṣán, àmọ́ kò nà mí, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí n jẹun yó lọ́jọ́ náà. Kí ló ń wá lára mi?

Kò pẹ́ tó fi wá sílé wa, ó bá ìyá mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ìyá, orí ọmọ yín pé dáadáa o. Ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà yé e ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa dá a kọ́ lẹ́yìn tí a bá jáde ilé-ìwé."

"Kí lẹ máa gbà?"

"N kò ní gba nǹkan kan, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní irú wọn ló ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Kí wọ́n yọ mí nílé-ìwé, kí n wá bá òun tajà ní Ilua. Ìyá mi ní, "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kó wá kọ́ ọ níbí, lójú mi."

Tíṣà sì wá. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó da iyanrìn sínú àwo pẹrẹsẹ, ó ní kí n máa fi ìka kọ lẹ́tà, kí n máa pè é bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ tíṣà. Bí tíṣà bá mú ẹ̀pà wá fún mi, ìyá mi á ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná."

Nígbà tí tíṣà sọ fún ìyá mi pé mo ti ń kàwé, kò gbà. Ó ní kí tíṣà bọ́ síta, ó mú abala ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà, ó sì pe télọ̀ àdúgbò wa tó mọ̀wé kó wá gbọ́, torí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà á. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà, mo sì kà á.

Télọ̀ ní, "Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ tún un wò," ni ìyá mi wí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì. Ó ní, "Ẹ ti ń lọ báyìí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ ń wá lára ọmọ mi?"

Tíṣà ní, "Àbúrò mi ọkùnrin kò lè kàwé, bíi ti ọmọ yín. Gbogbo wa là ń pè é ní olódo. Ó sá kúrò nílé. A ò tíì rí i."

Ìyá mi gbé ẹrù náà sínú mọ́tò. "Ọlọ́hun á mú un padà wá," ló ní.

Mò ń kàwé lónìí, díẹ̀díẹ̀, ìka mi á máa tẹ̀ lé ìlà. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, mo sì jogún tèmi lọ́dọ̀ ìyá mi: bí àlejò bá ṣe mí lóore, màá kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ mọ́tò Ṣakí, tí mo rí ọkùnrin kan tó ń bi ẹlòmíràn léèrè ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ojú ọ̀nà, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò títí, bóyá ó máa jọ ti tíṣà, n kì í sì í mọ ohun tí ǹ bá bi í.