Ẹni Tó Ń Jẹ Iná Pọtábù Bíàú

Abíyá mi yìí ni mo há pọtábù kan, fóònù alágbèéká, sí lọ́jọ́ kan, iná rẹ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú kí n tó jẹ iṣu àárọ̀ mi tán.

Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, lábẹ́ igi máńgòrò tí mo ti ń tún rédíò àti pọtábù ṣe. Kì í ṣe òru o. Ọ̀sán gangan ni, àkókò tí àwọn àgbà kì í jẹ́ kí ọmọdé dá rìn.

Bíàú ló wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adégbọ́lá, kú, erùpẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ tí Bíàú fi gba oko kajú ọ̀nà Ofẹ̀ lọ́wọ́ opó rẹ̀, Ìyá Délé. Oko tí tọkọtaya yẹn jọ fọwọ́ ara wọn gbìn! Ó ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ìyá Délé wá di alágbàṣe nínú oko ara rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Pọtábù mi ń dà mí láàmú. Mo fi í sí iná mọ́jú, kí n tó dé Ofẹ̀, ó ti kú.”

“Bóyá rírin oko olóko ló ń rẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ̀fẹ̀ yín yìí, Bàbá! Mo ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ o.”

Mo gbà á. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù. Mo ti gbogbo ohun tó ṣí sílẹ̀ tí kò lò. Mo pa íńtánẹ́ẹ̀tì. Iná ṣì ń lọ sílẹ̀ lójú wa. Mo wá wọ ibi tí pọtábù ti máa ń jẹ́wọ́ ohun tó ń jẹ iná rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni: èyí tó máa ń sọ ibi tí èèyàn wà fún ẹlòmíràn.

Mo pa á. Ó tan ara rẹ̀. Mo tún pa á. Ó tún tàn.

“Ta lò ń sọ ibi tó o wà fún?”

“Èmi kẹ̀? Kò sẹ́nì kankan.”

Mo fi orúkọ tó wà níbẹ̀ hàn án. Ẹ̀gbọ́n Adégbọ́lá.

Bíàú sún sẹ́yìn. Nígbà ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wá ara wọn nínú igbó.

“Bàbá,” ó rọra wí, “inú pósí la gbé pọtábù ẹ̀gbọ́n mi sí. Èmi gan-an ni mo tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́wọ́.”

Àmì méjì ló wà lórí àwòrán ọ̀nà tó wà nínú pọtábù. Ọ̀kan dúró níbi tí a jókòó sí. Èkejì ń bọ̀ láti ọ̀nà Ofẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ru ẹrù.

Mo gbójú sókè. Ọ̀nà ṣófo, oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà dìde, wọ́n yà fún nǹkan.

“Ẹ pa á, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á.”

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ bátìrì, mo gbé e lé orí tábìlì. Ojú pọtábù kò kú. Àmì yẹn dé orí tiwa, ó dúró. Òórùn èso kajú tó ti rà bò wá, bẹ́ẹ̀ àsìkò kajú ti kọjá tipẹ́. Ikọ́ kan jáde nínú pọtábù, ikọ́ Adégbọ́lá tí gbogbo àdúgbò mọ̀.

“Bíàú. Oko ta ni?”

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ gbì. “Ti ìyàwó yín ni, ẹ̀gbọ́n.”

Pọtábù kú fin. Kí oòrùn tó wọ̀, Bíàú ti dá oko padà fún Ìyá Délé lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ilẹ̀ opó, tí iná pọtábù yín kì í dé ọ̀sán, ẹ má gbé e wá bá mi. Mo ti kó irinṣẹ́ mi kúrò lábẹ́ igi yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ibi tí mo ti fi tèmi kún ìtàn náà: Bíàú kò dá oko kankan padà. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó ní oòrùn ló ń pa wá, ó lọ ra pọtábù tuntun. Ìyá Délé ṣì ń ṣa kajú fún un. Lánàá ni mo rí Bíàú lójú pópó, kò tíì di ọ̀sán, ó ń tọrọ ibi tí yóò ti fi tuntun náà sí iná.