Àtàǹpàkò Àbúrò Bàbá Mi

Kí àbúrò bàbá mi tó gun alùpùpù wọn, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà ẹsẹ̀ iwájú wò bóyá afẹ́fẹ́ kún un. Ìyá mi á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ mi, ṣé iṣu lẹ ń wò, bóyá ó rà?"

Nígbà tí kọmandáǹ, olórí ìjọba àgbègbè wa, fẹ́ gba Manigri, ìlú wa, kọjá, ó fipá kó wa lọ da yangí tuntun sójú ọ̀nà Bassila. A gbá a títí ó fi tẹ́jú. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá mi ń fi alùpùpù gbé ìyàwó wọn tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn. Ní igun ọ̀nà, ẹsẹ̀ iwájú yọ̀ lórí yangí wa, alùpùpù ṣubú. Ìyàwó wọn kú tòun tọmọ inú.

Wọ́n ṣì ń tẹ rọ́bà náà wò láràárọ̀.

"Ọkọ mi, ó ti jò," ni ìyá mi wí.

"Kò jò lọ́jọ́ náà, ìyàwó wa. Mo tẹ̀ ẹ́ wò."