Sáà Tí Bàbá Mi Gbà Pé Iṣẹ́ Ni Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní sáà bọ́ọ̀lù tó kọjá. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà, ẹni tí mo sì lè sọ ọ́ fún lójúkojú kò pọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, agbábọ́ọ̀lù ni mí. Nọ́ńbà márùn-ún ni mò ń gbá, ìyẹn ẹni tó máa ń dúró níwájú aṣọ́lé tí kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ṣùgbọ́n Benin ni mo ti ń jẹun, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó wà nínú líìgì tó ga jù nílẹ̀ wa. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á mọ́ra.

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: bàbá mi kú láàárín sáà yẹn, wọn ò sì sọ fún mi. Mò ń gbá bọ́ọ̀lù kiri, mò ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé mi ò ní bàbá mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́ ló sì dùn mí.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Iṣu ló ń kó láti Òkè-Ògùn lọ sí Ìbàdàn títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Ó fẹ́ kí n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Èmi ní bọ́ọ̀lù ni. Ó ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́, eré ọmọdé ni, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn àna mi tí wọ́n bá béèrè ohun tí mò ń ṣe? Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí mo pè é lórí fóònù tí kò ní bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìgbà wo lo máa wá iṣẹ́ ṣe?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí mò ń gbá ní ìpele kejì, ó bi mí. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní Benin gbà mí, tí mo dé líìgì àgbà lẹ́yìn tí ojú mi ti rí màbo, mo pè é pé mo ti dé òkè. Ó ní ó dáa, Ọlọ́run á bá mi ṣe é. Ó wá ní ṣùgbọ́n ìgbà wo ni mo máa wá iṣẹ́ ṣe?

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní káàǹpù. Efosa, kápútéènì wa tó ń ṣọ́lé, ọmọ Benin pọ́ńbélé, tó bá ti rí mi tí mo gbé fóònù, á ní, "Your papa don find work for you?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ó máa ń dùn mí. Yàtọ̀ sí kí ẹgbẹ́ wa má já bọ́ kúrò ní líìgì, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ní sáà yẹn ni kí bàbá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Sáà ọ̀hún ò sì dára. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Nílé, ọ̀mì là ń gbá. Tí a bá jáde lọ bá àwọn ẹlòmíì nílé wọn, wọ́n á nà wá. Ká tó mọ̀, a ti bá ara wa nísàlẹ̀ tábìlì, láàárín àwọn tó ń padà sí ìpele kejì. Tí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ ládùúgbò New Benin, ẹni tó ń wà á á wò mí nínú dígí, á ní, "So una wan carry us go down?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà bojú.

Inú wàhálà yẹn la wà tí àìsàn bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ ni, kì í sì í lè mí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi Múfú, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, pè mí pé wọ́n ti gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n sì ti gbé e padà wálé. Mo ní mò ń bọ̀. Múfú ní kí n má wulẹ̀ dààmú, ara ti ń balẹ̀, kí n gbájú mọ́ ohun tí mò ń ṣe. Èmi náà mọ̀ pé inú kóòṣì ò ní dùn tí mo bá lọ, nítorí ẹnì kejì mi tá a jọ ń dí ẹ̀yìn ti ṣèṣe lórúnkún.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi ìgbaradì dé, mo bá ìyàwó mi nílé lọ́sàn-án gangan. Bísọ́lá ń ta ìkòkò àti abọ́ lọ́jà Ekiosa, kì í sì í ti ṣọ́ọ̀bù láàárín ọjọ́. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ojú rẹ̀ wú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé Hálímà, ọmọ wa, lọ sọ́dọ̀ àna mi obìnrin, ó ní kó lọ bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ṣeré. Ọmọ yẹn, tí èèyàn bá bá a sọ Yorùbá, Pidgin ló fi ń dáhùn, kò sì sí ohun tó gbọ́ tí kò ní tún sọ. Mi ò fura pé ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ já bọ́, kí ló tún kù tó fẹ́ rò?

Mo pe bàbá mi, fóònù dún títí, kò gbé e. Mo pe Múfú, ó ní bàbá ń sùn. Mo tún pè, ó ní dókítà ní kó má máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú wá bí mi. Mo ní tí mi ò bá gbọ́ ohùn bàbá mi, mo máa wọ mọ́tò lọ sílé lọ́la, kí kóòṣì lọ wá ẹlòmíì. Múfú ní kí n ṣe sùúrù, tí bàbá bá ti jí, òun á ní kó pè mí.

Lóòótọ́, ó pè. Siluko Road ni mo wà, níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin, mo fi ìka di etí mi kejì. Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ikọ́ bàbá mi tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Mo béèrè ara, ó ní ara ń le díẹ̀díẹ̀. Mo wá dúró de ìbéèrè rẹ̀. Kò bi mí. Ó ní òun gbọ́ bí a ṣe gbá ọ̀mì nílé àwọn ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n ní èmi ni mo yọ bọ́ọ̀lù kan lórí ilà tí mi ò jẹ́ kó wọlé. Ó ní, "O ṣeun. Mò ń fi ẹ́ yangàn."

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ wí, àwọn kan ń lu irin níbí. Irọ́ ni, mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo kàn fẹ́ kó tún un sọ ni. Ó sì tún un sọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe rìn délé. Mo sọ fún Bísọ́lá, mo ní bàbá mi ní òun ń fi mí yangàn. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wọ yàrá lọ, mo sì ń gbọ́ tó ń sunkún níbẹ̀. Mo ní lọ́kàn ara mi pé obìnrin yìí mà fẹ́ràn bàbá mi o.

Nígbà tí mo dé káàǹpù, mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Efosa gbá mi léjìká, ó ní, "Then make we no fall your papa hand."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbá bọ́ọ̀lù ní ìparí sáà yẹn. Mi ò tíì gbá irú ẹ̀ rí, bóyá ni mo sì tún máa gbá irú ẹ̀. Ibi tí ẹlòmíì bá ń bẹ̀rù láti gbé ẹsẹ̀ sí, orí ni èmi ń gbé síbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í jáwé olúborí lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá sì ti ku ọ̀la, bàbá mi á pè, á wúkọ́, á ṣàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ kan, mi ò tiẹ̀ tíì kí i tán tó fi ní, "Iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù. Èmi ni mi ò tètè mọ̀." Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn.

Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, nílé wa níbí, ní Benin. Tí wọn ò bá ti nà wá, a ò ní já bọ́. Wọ́n há wa mọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Efosa ń gbé bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ká èso, èmi ń fi àyà gbà á, mò ń fi itan gbà á. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, òfo sí òfo ni. Àwọn èrò ya wọ pápá. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ wa.

Kí lẹ rò pé mo kọ́kọ́ ṣe? Mo sáré lọ mú fóònù nínú báàgì mi, kí n pe bàbá mi. Mò ń rìn lọ sẹ́nu géètì nítorí ariwo, ni mo rí Bísọ́lá. Múfú ló dúró tì í. Inú mi dùn, mo rò pé ó wá wòran mi ni. Mo ti tẹ nọ́ńbà bàbá, fóònù ti ń dún létí mi. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù kan ń dún nínú àpò Múfú.

Ó yọ ọ́ jáde. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ti bàbá mi ni.

Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ bàbá? Múfú wojú Bísọ́lá. Mo tún bi í. Bísọ́lá di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n ṣe ọkàn gírí, bàbá ti lọ. Ó ní ó ti pẹ́. Mo ní irọ́ ni, àná la sọ̀rọ̀, bàbá mi ṣàdúrà fún mi lánàá. Nígbà náà ni Múfú la ẹnu. Ó ní, "Èmi ni."

Gbogbo ẹni tó mọ ilé wa ló mọ̀ pé ohùn Múfú àti ti bàbá mi, ọ̀kan náà ni. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá á pè, wọ́n á ti kí Múfú tán kó tó ní òun kọ́ o. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ro irú ìyẹn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Ọjọ́ tí bàbá kú gan-an ni wọ́n sin ín, bí a ti ń ṣe nínú ẹ̀sìn wa. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní tí wọ́n bá tilẹ̀ pè mí, mi ò lè bá òkú náà lókè eèpẹ̀. Ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, kí wọ́n jẹ́ kí n parí sáà ná kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní iṣẹ́! Bísọ́lá fara mọ́ ọn. Ìgbà tí mo wá ní mò ń bọ̀ nílé, ẹ̀rù ba Múfú, ló bá gbé fóònù bàbá, ó wúkọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú jẹsí lọ́rùn. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń fà mí lọ́wọ́ pé kí n dìde ká jó. Efosa ló wá tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Mo sunkún débi pé èébì gbé mi.

A lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bo sàréè náà, ó ti gbẹ. Nígbà tó ku èmi àti Múfú níbẹ̀, mo bi í. Mo ní ọ̀rọ̀ yangàn yẹn, ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù, ṣé bàbá sọ ọ́ rí, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn mi?

Mo rí i pé ó wù ú kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ì bá ná an? Ó wo sàréè. Ó ní rárá, bàbá ò sọ ọ́ rí. Ó ní òun ni òun rò pé ó yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ fún mi.

Mo ní ìgbà wo wá ni bàbá fẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Ó ní ọjọ́ tó ń ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ ni.

Mo rántí ọjọ́ náà. Mò ń ná sálúbàtà ní New Benin, mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Bàbá ń ṣàròyé pé ewúrẹ́ aládùúgbò wa tún ti wá jẹ ilá òun. Ó ní ká ní èmi ni mo wà nílé, ọwọ́ ì bá tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹsẹ̀ mi yá. Mò ń dá a lóhùn pé ẹn, ẹn, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ fún oníbàtà pé kó dín in kù. Mi ò rántí bóyá bàbá béèrè ìgbà tí mo máa wá iṣẹ́ ṣe. Mi ò rántí ohun tí mo fi dágbére fún un. Gbogbo ohun dídùn tí mo há sórí, ti Múfú ni. Ti bàbá mi ni ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń fi òkú pamọ́ fún ọmọ olóòkú nítorí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ rò ó dáadáa. Ẹkún tí mi ò sun nígbà yẹn ò lọ síbì kan, ó dúró dè mí. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá ṣe ohun tó wú yín lórí, ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín, kí ẹlòmíì má baà bá yín sọ ọ́.

Ṣé wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Àbí ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé irọ́ náà? Báwo lẹ ṣe padà ń bá ara yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Mo fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, nítorí èmi àti Múfú ò jà, mo sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n tó bá pè mí, mi ò lè gbé e. Ó pè láàárọ̀ òní. Mò ń wo fóònù títí tó fi dákẹ́, mo wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó jọ̀ọ́, kó máa kọ̀wé sí mi, ohùn rẹ̀ ni mi ò lè gbọ́.