Fàtáì Tọ́nà àti Irin Tí Ń Ká Ìgbòkun

Ní Fìdítì, bí irin kan bá kú sí yín lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Fàtáì Tọ́nà ni wọ́n máa júwe fún yín. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi léètì, ẹ̀rọ tí àwọn tọ́nà fi ń gé irin, ṣe irin ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kò sì sí èyí tí wọ́n gbé wá tó ní kí wọ́n lọ sọ nù. Ẹni rere ni, àmọ́ olóríkunkun ni, ẹ jẹ́ ká má parọ́. Nígbà tí Màrdíyyàh, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ léètì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ọmọ náà kò bá a jà. Ó gba Èkó lọ, ó kọ́ iṣẹ́ títún ọkọ̀ ojú omi ṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́fà rèé. Ó ń wálé ọdún, ó ń kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí. Ìyẹn ń dun Fàtáì ju bó ṣe lè sọ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Màrdíyyàh wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé kan, tó yọ irin roboto kan jáde nínú àpò, inú bàbá rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ohun tó máa fọwọ́ ṣe.

"Bàbá mi, ẹ bá mi wo èyí," ló wí. "Ara ọkọ̀ onígbòkun ni, àlòkù tí ẹnì kan rà. Ìsàlẹ̀ ìgbòkun iwájú ló ń wà. Tẹ́ ẹ bá fa okùn tó wé mọ́ ọn, á yí, á sì ká ìgbòkun náà bí ẹní. Kò yí mọ́. Iyọ̀ òkun ti jẹ orúkọ ara rẹ̀, a ò mọ irú èyí tó jẹ́, a ò sì lè ra òmíràn láìmọ̀ ọ́n."

"Lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá ẹ," ni Fàtáì wí. "Fi sílẹ̀ fún mi."

Kí ọmọ náà tó jẹun dé, Fàtáì ti tú irin náà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti pààrọ̀ bíárìn tó ń mú un yí, ó sì ti ki gíríìsì sí i bámúbámú bó ṣe ń ṣe fún ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Ó fi ìka kan ṣoṣo tì í, ó ń yí wìrìwìrì.

"Kí lo tún fẹ́ ra òmíràn ṣe?"

Màrdíyyàh kò rẹ́rìn-ín. Ó ti àkísà bọ kẹrosíìnì, ó nu gíríìsì náà kúrò lójú kan.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ẹ fi èékánná wọ́ ibí."

Èékánná Fàtáì há. Irin náà ti sán, ìlà tín-ín-rín ni, gíríìsì tí òun fúnra rẹ̀ kì sí i ló bò ó mọ́lẹ̀.

"Ibí ni wáyà tó di òpó ìgbòkun mú so mọ́," ni ọmọ náà wí. "Tí irin yìí bá já lójú agbami, orí àwọn èèyàn inú ọkọ̀ ni òpó máa wó lé. Tí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ bá bàjẹ́, orí ilẹ̀ lèèyàn ṣì wà."

Ojú ti Fàtáì. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ìjà ì bá dé. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà, ó rí àpá, ó rí èékánná tó ti kán, ó wá yé e pé ọmọ yìí ti jìyà iṣẹ́ láìsí òun nítòsí. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Àlàkẹ́," oríkì rẹ̀ ló fi pè é, "mi ò mọ̀ ọ́n. Báwo la ṣe máa ṣe é?"

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Fàtáì mú irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, ó wọn ìnípọn gékúrú wáyà tí ọmọ náà yọ nínú àpò, ó wọn ihò, ó wọn fífẹ̀ irin náà. Bó ṣe ń pè é ni Màrdíyyàh ń kọ ọ́ sínú fóònù. Wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán sí ẹni tó ń ta irú rẹ̀. Kí wọ́n tó kírun àlááṣàrì tán, èsì ti dé: ó ti pẹ́ tí wọn ò ti ṣe irú èyí mọ́, àmọ́ tuntun kan wà tó ń gba wáyà oníwọ̀n kan náà. Màrdíyyàh ní tòun ti wáyà tuntun lòun máa rà á.

Ìgbà náà ni Ọ̀jẹ̀túndé, àgbẹ̀ kan láti Ìmíní, gbé irin ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó rí obìnrin tó jókòó ti Fàtáì, tí gíríìsì kùn dé ìgùnpá.

"Tọ́nà, ọmọ yín rèé? Ṣé ó wá bá yín gbá ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Ọ̀gá iṣẹ́ ni," ni Fàtáì wí. "Mo ṣàṣìṣe láàárọ̀ yìí, òun ló tọ́ mi sọ́nà."

Ó gba irin náà lọ́wọ́ Ọ̀jẹ̀túndé, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kúrò nídìí léètì fún un.