Ìwé Oúnjẹ Tí Kò Ní Iye Owó

Alágbàfọ̀ àdúgbò wa kì í ṣe ẹni tó ń fowó ṣòfò. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń fi iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà kàwé, ó di òṣìṣẹ́ báńkì, ó sì rí ọkọ. Ohun tí bàbá rẹ̀ wá ń lá lálàá tọ̀sán-tòru ni pé kí òun fúnra òun fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíràn ló máa bá mi lọ aṣọ tí mo bá wọ̀."

Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, ìdílé méjèèjì fẹ́ jókòó jẹun pọ̀. Alágbàfọ̀ ní òun lòun máa gbà wọ́n lálejò. Ibo ló mú? Ilé oúnjẹ olówó ńlá tó ń fọ aṣọ tábìlì fún! Mo bi í bóyá ó mọ iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ibẹ̀. Ó ní lóòótọ́, ẹ̀yìnkùlé lòun máa ń gbà wọlé, àmọ́ kò sí ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè níbẹ̀ tí òun ò tíì fọ àbàwọ́n rẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Fífọ aṣọ ọba kò sọ èèyàn di ìjòyè.

Oríṣi ìwé oúnjẹ méjì ni wọ́n ní níbẹ̀. Èyí tó ní iye owó jẹ́ ti ẹni tó máa sanwó. Èyí tí kò ní jẹ́ ti àwọn tó kàn wá jẹun. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fi èyí tó ní iye owó síwájú alágbàfọ̀. Kò tilẹ̀ ṣí i. Bàbá ọkọ ló dàgbà jù nídìí tábìlì, báwo lòun ṣe máa kọ́kọ́ gba ìwé? Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yàn, àna mi. Ẹ̀yin làgbà."

Ó wá gba ti bàbá ọkọ. Nígbà tí kò rí iye owó kankan nínú rẹ̀, ó rò pé àwọn olówó kì í sọ̀rọ̀ owó nídìí oúnjẹ ni.

Bàbá ọkọ, tó ń ta mọ́tò, ka ìwé tirẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó wo alágbàfọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀dájú ni ọkùnrin yẹn, mo tún un sọ, ọ̀dájú! Ó ní kí wọ́n gbé wáìnì tó wọ́n jù wá. Ó ní kí ìyàwó òun fi ẹja kékeré sílẹ̀, kó jẹ èyí tó tóbi. Ó ń wí pé, "Àna wa lawọ́. Ẹ má bù ú kù." Orí alágbàfọ̀ ń wú.

Ìgbà tí ìwé owó dé, ó kà á, ó tún un kà. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó lọ bá máníjà ní kọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa fi iṣẹ́ san án díẹ̀díẹ̀. Máníjà ò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbí ìwọ tó ń gba ẹ̀yìn wọlé náà lo wá jókòó síbí?"

Gbogbo ojú yí sí wọn. Bàbá ọkọ jẹ́ kí ìtìjú náà wọ̀ ọ́ lára dáadáa, kó tó bọwọ́ sápò, kó san gbogbo rẹ̀. Alágbàfọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ìyàwó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọkọ!

Bàbá ọkọ ní, "Ẹ dìde. Mo ti rí iye rẹ̀ kí n tó yàn. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tá a fẹ́ bá tan ni. Àwọn èèyàn ńlá ló ń bọ̀ níbi ìgbéyàwó yẹn, torí náà àbúrò mi ló máa fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ jókòó sílé, a ó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí yín."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Alágbàfọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ń retí kó gbẹnu sọ fún òun. Ọmọ náà tẹrí ba, ó ń fi fọ́ọ̀kì tú egungun ẹja tó kù nínú àwo rẹ̀.

Ó ní, "Bàámi, ẹ ṣáà jẹ́ kó rí bí wọ́n ṣe wí. Ẹ ti dójú tì mí tó."