Omi Tí Ìyá Mi Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé eyín iwájú mi méjì tó yọ kò tíì hù padà, bàbá mi kó wa kúrò ní abúlé wa létí ọ̀sà, lápá Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà. Bàbá ti ṣáájú wa wá sí Apápá, wọ́n ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, wọ́n sì ti gba yàrá kan fún wa ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí ọjà Boundary. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń wọ bàálù lọ sílùú òyìnbó, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ ìyà ìlú onílùú. Bọ́dà kan ṣoṣo la kọjá, síbẹ̀ ńṣe ló dà bíi pé a ti dé òpin ayé.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé náà, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Ìdájí ni bàbá ń jáde, ọjọ́ ìsinmi nìkan la sì ń rí wọn dáadáa. Ìyá mi kò gbọ́ èdè kankan ju Ègùn lọ. Èmi ní tèmi, kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti ń sọ Yorùbá wàrà wàrà, mo sì ti ń fi píjìn bú àwọn ẹgbẹ́ mi. Èmi ni ẹnu ìyá mi lọ́jà, èmi ni etí wọn nílé. Kí n má parọ́ fún yín, orí mi ń wú sí i.

Ní ìlú tiwa, bí àlejò bá wọlé, a kì í bi í pé kí ló gbé e wá títí yóò fi mu omi. Ẹni tó bu omi náà yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò, kí ó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, pé inú onílé mọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò kúnlẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá mi tí kò lè kí ẹnikẹ́ni tán, omi yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní.

Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ wá kí wa. Àlàájà àgbàlagbà ni wọ́n, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ládùúgbò náà, ẹnu wọn sì tólẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi bu omi sínú ife tánńganran, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé e fún Àlàájà. Àlàájà wo ife, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n ní àwọn ti mu omi nílé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: lójú Yorùbá, ta ni yóò mu omi kí ó tó gbé àmukù fún àgbà? Ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ìyá mi gbé omi fún ìyàwó dírẹ́bà tó ń gbé ní òdìkejì wa, obìnrin náà sún sẹ́yìn, ó ní, "Mama, no vex, I don drink for house." Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà ni àwọn obìnrin ilé ń dúró sí bí wọ́n bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí ìyá mi ń ṣe, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tí àwọn ará ilé rò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá tú u. Mi ò sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ń ṣe bí ìyá mi, tí wọ́n ń mu omi tí wọ́n ń kúnlẹ̀, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo sọ fún ìyá mi, ní Ègùn wa, pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni lómi mọ́, pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì da ojú ife dé orí ìkòkò omi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi omi lọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọn ò jáde mọ́ náà. Ara wọn ń joro. Wọ́n wá sọ fún bàbá pé bí iléèwé mi bá ti gba ìsinmi, àwọn yóò gbé àbúrò mi jòjòló, àwọn yóò sì padà sílé. Bàbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ Apápá yìí làwọn òbí àwọn ń jẹ lábúlé. Bàbá kò lè lọ, ìyá mi kò sì fẹ́ dúró. Ọjọ́ tí mo rí i tí wọ́n di aṣọ àbúrò mi, mo mọ ẹni tó lé ìyá mi.

Mo lọ bá Àlàájà ní yàrá iwájú, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Tẹ̀sùbáà ń yí lọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "O gbọ́ tiwa, o gbọ́ tiyín, o wá panu mọ́." Wọn ò lù mí, ìbá sàn kí wọ́n lù mí.

Lẹ́yìn ìrun alaasári, wọ́n wọlé wa, wọ́n jókòó. Ìyá mi kí wọn, wọ́n sì jókòó síbi tiwọn. Àlàájà kọjú sí mi.

"Sọ fún ìyá ẹ pé mi ò lè sọ ohun tó gbé mi wá. Mi ò tíì mu omi."

Mo sọ ọ́. Ìyá mi dìde, wọ́n ṣan ife. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé omi náà fún Àlàájà láìtọ́ ọ wò, bí mo ṣe kọ́ wọn. Àlàájà rọra ti ife náà padà síhà ẹnu ìyá mi. "Ìwọ kọ́kọ́ mu ná." Ìyẹn kò nílò ògbufọ̀. Ìyá mi mu, Àlàájà gbà á, wọ́n sì mu ún gbẹ. Ìyá mi kọjú sí ògiri, wọ́n sunkún. Ajégúnlẹ̀ náà ni wọ́n darúgbó sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sùn sí.

Ayé ti yí. Omi inú ọ̀rá ni a ń gbé fún àlejò báyìí, ẹ̀rọ ti dì í pa, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti tọ́ ọ wò. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ gbé omi tiwọn sínú báàgì wá. Mi ò sọ pé kò dára, omi kànga ayé ìgbà yẹn pa ènìyàn púpọ̀. Àbígbẹ̀yìn mi àti ọkọ rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ojoojúmọ́ la sì ń rí ojú ara wa lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń rojọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, pé màmá òun ń dá gbogbo ará ilé tí wọ́n jọ ń gbé dúró, ó ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ àti ọmọ àti oorun, pé wọ́n ti ń yà fún un lọ́nà. Ó ní kí n bá òun sọ fún un kó jáwọ́.

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní òun ló gbọ́ tiwọn tó sì gbọ́ tiwa, kó lọ sọ fún wọn. Ó ní kí lòun máa sọ.

Mo ní, "Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ń kí wọn."